Gbọ̀ngàn Tí Mo Kan Bẹ́ńṣì Rẹ̀

Agbo Ilé Olókè,
Igbó-Ọrà.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo sọ ní Rísíkátù tí ayọ̀ kò jẹ́ kí n lè pe orúkọ náà já geere,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ ní ìjókòó àti ní ìdìde. Ara wa le. Ìyá rẹ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń yan gàrí. Ó ní kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí ó mọ̀ pé bí mo bá ti ki ẹnu bọ ọ̀rọ̀ tèmi, n kò ní rántí mọ́. Ó kí ọ o.

Ọjọ́ Sátidé ni lẹ́tà rẹ dé. Dírẹ́bà tó ń ná Ìbàdàn ló mú un wá bá mi ní ìsọ̀. Mo gbé ayùn sílẹ̀, mo kà á lórí ìdúró. Nígbà tí mo délé, mo tún kà á sókè fún ìyá rẹ. O ní láti oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti gbà ọ́ sí ọ́fíìsì pé kí o máa tẹ̀wé, kò sí ibi tí o mọ̀ ju ọ́fíìsì, ọjà, àti yàrá tí ìwọ àti Fọláṣadé jọ ń gbé. O ní Ìbàdàn kò ní nǹkan kan ju pánù tó dípẹtà àti eruku lọ. O ní bí o bá lanu sọ̀rọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á ní, "Ará Ìbàràpá, tún un sọ ká gbọ́," wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. O wá ní o fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní òpin oṣù, kí o máa bọ̀ nílé.

Ìyá rẹ ní kí o máa bọ̀. Èmi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kì í ṣe ẹni tí à ń fi pàṣán dà bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbé Ìbàdàn kan náà rí, àṣìṣe tí mo sì ṣe níbẹ̀ tó èèyàn méjì í pín. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí o bá kà á tán tí o ṣì fẹ́ padà wá, ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ kò ní kọ́kọ́rọ́.

Kò pẹ́ tí a gba òmìnira tí mo lọ sí Ìbàdàn. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ̀ nígbà náà. Mo ti ka Sítáńdáàdì Síìsì, mo ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà níbí, mo sì gbà pé ìlú ńlá ni yóò sọ mí di èèyàn. Mo rí ọ̀gá kan ní Òkè-Àdó tó gbà mí sí iṣẹ́. Odidi ọdún kan ni mo lò, Àbẹ̀kẹ́, ìsọ̀, mọ́sálásí àti yàrá ni gbogbo Ìbàdàn tí mo mọ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Mo wálé fún Iléyá ọdún náà. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí mi lọ́mọ, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ẹní.

"Súnmọ́nù, báwo ni Ìbàdàn ṣe rí?"

Mo ní, "Ó tóbi, Bàbá."

"Ó tóbi bíi kí ni?"

"Ó ṣáà tóbi, Bàbá."

Ó wò mí títí, ó ní, "Màlúù tí wọ́n fi lọ́rì gbé gba Ìbàdàn kọjá náà á sọ bẹ́ẹ̀."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ náà rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ ní láti gbé ọ fún ẹlòmíràn kó tó lè rín in tẹ́rùn. Ó dùn mí.

Nítorí náà, ohun kìíní tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Sátidé tó ń bọ̀, má sùn. Jí, wẹ̀, jẹun, kí o lọ sí Òkè Àrẹ, kí o gun ilé gíga tí wọ́n ń pè ní Láyípo. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ń yí po ni, òòyì lè fẹ́ kọ́ ọ díẹ̀, di ògiri mú. Bí o bá dé òkè, wá òrùlé ilé tí o ń gbé. O kò ní rí i. Wá ọ́fíìsì rẹ. Ó ṣeé ṣe kí o má rí ìyẹn náà. Ọjọ́ tí o bá wá ilé ara rẹ láàárín ìlú kan tí o kò rí i, ọjọ́ náà ni o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà.

Jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn lẹ́yìn Iléyá yẹn, ọ̀gá mi gba iṣẹ́ bẹ́ńṣì fún gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Mọ́kọ́lá. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì, ni alábòójútó rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ń ṣe àsọyé níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá wù ló lè wọlé. Ní Sátidé mìíràn, àwọn òṣèré á wá fi ọ̀rọ̀ ìlú ṣeré. Lára ògiri, àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà á gbé àwòrán wọn kọ́. Èmi kò bá ti àsọyé lọ o. Bẹ́ńṣì ni mo bá lọ. Kí wọ́n tètè parí ló ká mi lára.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé àkọ́kọ́, bí aago mẹ́rin ṣe lù, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì wá bá mi, ó ní, "Káfíńtà, jọ̀ọ́ dáwọ́ òòlù dúró. Bàbá fẹ́ sọ̀rọ̀."

Inú bí mi. Mo gbé òòlù sílẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì tí n kò tíì fá dán, mo ká apá mọ́ àyà.

Bàbá tó fẹ́ sọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ Bàbá Làmídì, ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni. Kò mọ̀wé, kò sì mú bébà kankan lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó ṣe dàgbà ni iṣẹ́ ilé mímọ: ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ilé alámọ̀ káàkiri Ìbàdàn kí apá rẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí a rí i. Ọwọ́ náà fẹ̀ bí ọkọ́. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ sọ, ọwọ́ yìí ló mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi kàn ń bá a jíṣẹ́ ni."

Àbẹ̀kẹ́, bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀, mo gbàgbé pé inú ń bí mi. Ó sọ bí àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ẹ̀bá ọ̀dàn ṣe ń jẹ ìgbín àti èso igbó kí wọ́n tó róko dá. Ó sọ ìdí tí ẹnu ọ̀nà agbo ilé àwọn jagunjagun fi ga: kí ẹni tó wà lórí ẹṣin má baà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ ilé ara rẹ̀. Ó ní bí a bá mọ ìpele ògiri kan, a gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti ìsàlẹ̀ á wú, ti òkè á sì wó. Ó ní ilé kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ fi pánù bolé ní àdúgbò wọn nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn ará àdúgbò á sá jáde nínú ilé koríko tiwọn, wọn á lọ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé pánù náà. Kì í ṣe pé ilé wọn ń jò. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn òjò lórí pánù ni.

Pánù tó dípẹtà tí o kọ sínú lẹ́tà rẹ nìyẹn, ọmọ mi. Àwọn kan ti gba inú òjò kọjá rí nítorí kí wọ́n lè jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Sátidé mẹ́ta ni bàbá náà sọ̀rọ̀, mo sì ń rọra fa iṣẹ́ bẹ́ńṣì gùn kí n lè wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jókòó níwájú, Mojísọ́lá, ó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà. Ilé tí wọ́n ti bí Bàbá Làmídì ti wó tipẹ́, kò sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ rí. Bí bàbá ṣe ń ṣàpèjúwe ilé náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Mojísọ́lá ń yà á. Wọ́n fẹ́ fi àwòrán náà ṣe olórí ìpàtẹ tí wọ́n máa ṣe ní ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e, kí àwọn ọmọ ìlú lè rí bí ilé baba wọn ṣe rí.

Sátidé kẹta ni mo ba nǹkan jẹ́.

Bàbá ń sọ agbo ilé tó kọ́kọ́ wà ní àdúgbò kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ti ka ìwé kékeré kan nílé ẹ̀kọ́ rí, ohun tó sọ yàtọ̀. Mi ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo dìde lórí bẹ́ńṣì mi, mo ní, "Bàbá, irọ́ nìyẹn. Ìwé kò wí bẹ́ẹ̀."

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn pàtẹ́wọ́ fún mi. Ara mi wú. Mo rò pé mo ti di ọ̀mọ̀wé.

Bàbá Làmídì yí ojú sí mi, kò bínú. Ó ní, "Ìwé wí bẹ́ẹ̀? Ẹni tó kọ ìwé náà, ta ló bi?"

N kò mọ̀. N kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

 Ó gbé fìlà rẹ̀ lórí àga, ó dé e, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi," ó sì rọra rìn jáde. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì sá tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n òun nìkan ló padà wọlé. Ẹyin ni ohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn kún bẹ́ńṣì tí mo kàn fọ́fọ́, bàbá kò wá. Wọ́n dúró títí di aago márùn-ún, wọ́n sì tú ká. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Mojísọ́lá wá bá mi ní ìsọ̀ ní Òkè-Àdó. Ó tú bébà ńlá kan ká síwájú mi lórí pákó. Ilé náà wà níbẹ̀, ògiri rẹ̀, àgbàlá rẹ̀, igi tó wà láàárín àgbàlá. Ṣùgbọ́n ìdajì kan ṣófo, funfun báláú.

Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni káfíńtà, ibi tí bàbá sọ ọ́ dé nìyí kí ẹ tó lé e lọ. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ èyí tó kù. Ẹ̀yin lẹ lé e, ẹ lọ mú un wá."

Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Mo fẹ́ sọ pé mi ò lé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára ibi tó ṣófo yẹn. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo wọ èyí tó dáa, mo lọ sí Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun.

Mo bá bàbá níwájú ilé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Ó jẹ́ kí n wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó tó ní kí n dìde.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

Mo ní, "Òkè-Àdó ni mò ń gbé, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ níbi tí ò ń gbé."

Lákòókò yẹn, bí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ rẹ́rìn-ín yìí ni wọ́n ń fi tiwa náà rẹ́rìn-ín. Ará oko ni wọ́n ń pè wá. Mo ti ń ṣe ẹnu mi bíi ti ọmọ Ìbàdàn láti ọdún kan. Mo fi ohùn kékeré sọ ọ́: "Igbó-Ọrà, Bàbá. Ìbàràpá."

"Ta ló mọ ilé tí wọ́n ti bí ọ?"

Mo ní n kò mọ̀. Mo ti sùn nínú ilé náà fún ogún ọdún ó lé, n kò béèrè rí.

Bàbá Làmídì mi orí. Ó ní, "O mọ ohun tí ìwé wí nípa ilé baba mi, o kò mọ ẹni tó mọ ilé baba tìrẹ. Máa lọ. Ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n, padà wá, ká jọ sọ̀rọ̀."

Mo wọ lọ́rì ní ọjọ́ kejì, mo gba Èrúwà, mo gba Lànlátẹ̀, mo délé. Ìwọ rí mi, o ké tòò, o sá lọ bá ìyá rẹ, o ti gbàgbé ojú mi. Bàbá Àgbà rò pé wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Mo ní rárá, ìbéèrè ni mo bá wá. Mo ní, "Bàbá, ta ló mọ ilé yìí?"

 Ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó mú mi yí ilé po lọ sí ògiri ẹ̀yìn, níbi tí a ń to igi ìdáná sí. Ó fi ọ̀pá tọ́ ibì kan tí ògiri ti ga tó ìbàdí ènìyàn. Bí o bá wò ó dáadáa, àwọ̀ amọ̀ tó wà lókè ibẹ̀ pọ́n díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

Ó ní, "Ibí ni bàbá mi mọ ọ́n dé kí ikú tó mú un lọ. Láti ibí lọ sókè, ìyá mi ló mọ ọ́n."

Mo ní, "Ìyá yín? Obìnrin?"

"Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀, kó padà sí Ìdèrè tí wọ́n ti mú un wá, pé ta ni yóò mọ ilé fún opó?  Ó ránṣẹ́ sí ìlú rẹ̀. Àwọn obìnrin Ìdèrè mú korobá àti ìkòkò, wọ́n wá. Àwọn kan ń pọn omi, àwọn kan ń tẹ amọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lé ògiri. Èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, wọ́n ti bo ilé náà."

Omi bọ́ lójú mi, Àbẹ̀kẹ́. Ilé tí o ń sọ pé o fẹ́ padà sí yìí ni mò ń sọ o. Ọwọ́ ìyá tó bí Bàbá Àgbà ló wà lára ògiri yẹn.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o má fi ibi tí o ti wá pamọ́. Bí wọ́n bá ní, "Ará Ìbàràpá, tún un sọ ká gbọ́," tún un sọ. Sọ ọ́ ketekete. Ẹnu tí o fi ń sọ ọ́ yẹn, àwọn obìnrin tó tẹ amọ̀ nítorí opó kan ló ni ín. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, bi í pé ta ló mọ ilé tiwọn. Ṣùgbọ́n má fi ìbínú bi í. Bi í bí ẹni tó fẹ́ gbọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kó ní ìtàn tó dùn ju tìrẹ lọ.

Mo padà sí Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, mo sọ ọ́ fún Bàbá Làmídì bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó sún àpótí rẹ̀ mọ́ mi. Ó bi mí bí wọ́n ṣe jẹ́ kí ìpele ti ìsàlẹ̀ gbẹ tó kí ìyá náà tó bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Mo ní Bàbá Àgbà sọ pé ó tó oṣù mẹ́ta tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ fi ń bá a jà. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ìdí tí kò fi wó nìyẹn! Ìjà wọn ló fún un láyè láti gbẹ." Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́. Kò gbà.

Ní Sátidé náà, mo dúró níwájú bẹ́ńṣì tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn. Mo sọ ọ́ ní ohùn Igbó-Ọrà, n kò yí ẹnu mi padà. Mo dárúkọ àwọn ìlú wa méjèèje, mo sọ ìtàn ìyá náà. Ní àárín ọ̀rọ̀ mi, màmá kan tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ dìde, ó ní ọmọ Ayétẹ̀ lòun, pé bí mo ṣe ní wọ́n ń po amọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Gbogbo gbọ̀ngàn yí ojú sí mi. Mo rí Bàbá Làmídì tó ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú, kí ẹ bá wa fi kún un."

Ó bọ́ síwájú. Ohun tó sọ dára ju tèmi lọ. Bàbá Làmídì dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó sì bá ọ̀rọ̀ ilé tirẹ̀ lọ láti ibi tí mo ti dá a dúró.

Èyí ni mo fi ń kìlọ̀ fún ọ, olùfẹ́ mi. Bí o bá lọ sí àsọyé, jẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ parí. Bí ohun tó sọ bá yàtọ̀ sí ohun tí o mọ̀, má pè é nírọ́. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ ọ báyìí rí, ẹ là mí lọ́yẹ̀." Ìwé dára. Ìwé ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ìwé náà pé ta ló bi. Kí o sì máa kọ ohun tí àgbà bá sọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo gbẹ́kẹ̀ lé orí mi nígbà náà. Bàbá Làmídì dárúkọ gbogbo ẹnubodè ìlú fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, mélòó kan ti bọ́ lọ́kàn mi, ẹni tí mo lè bi kò sì sí mọ́.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé. Èmi ni mo ṣe férémù àwòrán náà, igi apá ni mo lò, mo fá a títí ó fi ń dán bí awọ ara. Wọ́n gbé e kọ́ sí àárín ògiri. Bàbá Làmídì wọ agbádá, àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká. Ó dúró síwájú ilé tí wọ́n ti bí i.  Gbogbo wa ń retí ohun tó máa sọ. Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà yẹn, ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mojísọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ mú búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà rẹ̀ wá, ó gun orí bẹ́ńṣì kan, ó sì gbé ẹnu ọ̀nà náà sókè lójú gbogbo wa, ó ń bi bàbá léèrè, "Ó tó?" Bàbá ní, "Ó kù díẹ̀." "Ó tó báyìí?"  Bàbá ti fi etí agbádá bo ojú, ó ń sunkún. Ọmọ rẹ̀ àgbà fi ọwọ́ gbá a mú. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ó tó. Ẹṣin bàbá mi á gba ibẹ̀ wọlé."

Mo ti kan ilẹ̀kùn, mo ti kan àga, mo ti kan mínbárì tí lèmọ́mù ń dúró lé ní mọ́sálásí. Kò sí ohun tí mo ṣe tó wú mi lórí tó férémù yẹn. Ọdún kejì ni bàbá kú. Mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Àwòrán náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ń fi ìka tọ́ yàrá tó jẹ́ ti baba ńlá wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o má tíì kúrò, Àbẹ̀kẹ́. Ìlú tó lè ṣe irú èyí fún arúgbó amọlé kan kì í ṣe ìlú pánù àti eruku. Wá ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìlú, kí o jókòó. Wá ibi tí wọ́n ti ń ṣeré orí ìtàgé, kí o wò ó. Bí wọ́n bá pàtẹ àwòrán, má sáré kọjá bí ẹni tí ajá ń lé. Dúró síwájú ọ̀kan títí tí yóò fi bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, bí o bá fẹ́ wálé, wá. Bí o bá wá nítorí pé ilé wù ọ́, n óò yọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rín àwọn èèyàn ló lé ọ wálé, ẹ̀rín náà á bá ọ dé ibí.

Ó ku àṣìṣe kan tí n kò tíì jẹ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì pọ̀ jù lára wọn. Gbogbo ohun tí mo rí yẹn, èmi nìkan ni mo rí i. Mo ń wálé, mo ń rò ó fún ìyá rẹ, ìyẹn á jókòó, á máa gbọ́. Ọjọ́ kan, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá Rísíkátù, ìlú náà dára. O rí i fún ara rẹ." Ó dìde, ó lọ gúnyán.  Ọdún mẹ́rin ni mo lò ní Ìbàdàn, Àbẹ̀kẹ́, kò sí Sátidé kan tí mo mú un wá jókòó lórí bẹ́ńṣì tí ọkọ rẹ̀ kàn. Mo máa ń sọ pé ọmọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ni ìwọ, o kò wúwo.

Nítorí náà, má dá lọ. Mú Fọláṣadé dání, kódà bó bá ń ráhùn. Ohun tí ojú méjì bá jọ rí, ẹnu méjì ni yóò máa rò ó.

Mo ti ń ka lẹ́tà yìí sókè fún ìyá rẹ bí mo ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí mo kọ parí yìí, ó gbé agbada gàrí sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi jà ni. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá gbọ̀ngàn náà ṣì ń ṣí ní Sátidé. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó lọ wádìí, kó sì dárúkọ Sátidé kan. Èmi àti ìwọ máa wọ ọkọ̀ àárọ̀." Mo ní ṣebí òun ló ní kí ọmọ máa bọ̀ nílé. Ó ní ìyẹn ni kó tó gbọ́ àṣìṣe tí mo jẹ́wọ́ yìí.

Ó ti wọlé lọ báyìí, ó ń yẹ aṣọ wò nínú àpótí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Ó ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ fún ọ pé iwájú lòun máa jókòó o, kí o bá òun di àyè mú, nítorí òun ní ìbéèrè tí òun fẹ́ bi wọ́n.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ fún wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Súnmọ́nù Àlàó, káfíńtà.